Ẹni tó ń fi rédíò bú ará ìlú, ṣé ó yẹ kó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù?

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo fẹ́ dáhùn lóṣù yìí. Ti àkọ́kọ́ ló máa gba àyè jù, torí kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti kà á. Mo ti yọ orúkọ ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò, mo sì ti yọ apá ìlú tó ń bú kúrò pẹ̀lú. Mi ò fẹ́ kí ojú ìwé yìí bá a gbé èébú náà kiri.

*Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìlódè ni mò ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kan tó wà ní líìgì ìsàlẹ̀. Ẹgbẹ́ náà jẹ àwọn ọmọ lówó oṣù mẹ́rin. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò kan ti wá yọjú báyìí pé òun fẹ́ rà á, òun á sì san gbogbo gbèsè. Ẹ̀yin náà á mọ̀ ọ́n. Òun ló máa ń sọ láàárọ̀ pé àtìpó làwọn ará apá kan ìlú yìí, pé kí wọ́n má gbàgbé ẹni tó fún wọn nílẹ̀, àti pé àwọn ọmọ wọn ò mọ̀ ju ìpáǹle lọ. Ọ̀rẹ́ ọmọ mi tó ń gbá iwájú, apá ibẹ̀ ló ti wá. Bàbá àwọn ọmọ ní owó lowó ń jẹ́, pé ẹnu ni ọkùnrin náà fi ń jẹun, bó bá dé ìdí bọ́ọ̀lù á yàtọ̀. Ọkàn tèmi ò balẹ̀. Ṣé ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù?*
*Ìyá Agbábọ́ọ̀lù, Ilé-Ifẹ̀*

Ìyá Agbábọ́ọ̀lù, kò yẹ. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn kí n tó sọ ìdí rẹ̀. Mo mọ̀ pé owó oṣù mẹ́rin kì í ṣe ohun kékeré nínú ilé, mi ò sì ní bá yín lọ́ ọ̀rọ̀ mọ́ igi.

Irú ẹjọ́ yìí ti ṣẹlẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Rush Limbaugh. Láti 1988 ni wọ́n ti ń gbé ètò rẹ̀ káàkiri rédíò gbogbo orílẹ̀-èdè wọn, títí tó fi kú ní 2021. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ pọ̀ bí àwọn tí ara wọn ń gbóná bí wọ́n bá ti gbóhùn rẹ̀. Ní 2003, ESPN, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n eré ìdárayá, gbà á pé kó wá máa sọ̀rọ̀ lórí bọ́ọ̀lù tiwọn tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá. Kò pẹ́ tó débẹ̀ tó fi sọ pé Donovan McNabb, tó ń darí eré fún Philadelphia Eagles, kò dára tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀, pé àwọn oníròyìn ló ń gbé e lárugẹ torí wọ́n fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú ṣe dáadáa nípò yẹn. Ọ̀rọ̀ di rannto. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2009, àwọn èèyàn gbọ́ pé ó wà lára àwọn tí Dave Checketts kó jọ láti ra St. Louis Rams, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ tó ń gbá irú bọ́ọ̀lù yẹn. Mathias Kiwanuka, tó ń gbá fún New York Giants, sọ gbangba pé òun ò fẹ́ ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ẹgbẹ́ tí ọkùnrin náà bá lọ́wọ́ nínú rẹ̀. DeMaurice Smith, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù nígbà náà, ta kò ó. Jim Irsay, tó ni Indianapolis Colts nígbà náà, ní òun ò ní dìbò fún un láé. Ẹgbẹ́ 32 ló wà nínú líìgì yẹn, 24 nínú àwọn tó ni wọ́n ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ẹni tuntun tó wọlé. Ọ̀rọ̀ náà ò tiẹ̀ dórí ìbò. Lọ́jọ́ 14 oṣù yẹn ni Checketts yọ ọ́ kúrò láàárín wọn.

Ẹ wo ẹni tó yọ ọ́. Kì í ṣe ìjọba, kì í ṣe ilé ẹjọ́, ẹnikẹ́ni ò sì gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó padà sórí rédíò rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe wù ú. Àwọn tí wọ́n fẹ́ jọ dá òwò náà ló sọ pé àwọn ò bá a dá a mọ́. Àwọn tó jọ ń dá èésú láṣẹ láti wo ojú ẹni tó fẹ́ dara pọ̀ mọ́ wọn. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ fẹ́ gba ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ lọ́wọ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yẹn, ẹ dá a lóhùn pé rédíò rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ọmọ yín lẹ ò fẹ́ fi lé e lọ́wọ́.

Ohun kan wà nínú ìtàn Limbaugh tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání o. Nígbà tí ariwo yẹn ń lọ lọ́wọ́, àwọn kan gbé ọ̀rọ̀ tí kò sọ rí sí i lẹ́nu, títí kan ọ̀rọ̀ nípa oko ẹrú. Àwọn oníròyìn kan gbé e jáde láìwádìí, wọ́n sì padà tọrọ àforíjì. Ìyẹn burú. Ọ̀rọ̀ tó sọ lóòótọ́ ti tó ẹjọ́, kò sídìí láti fi irọ́ kún un. Ẹ̀yin náà, ẹ má fi ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bá sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yìí jà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín fi fóònù gba ètò náà sílẹ̀ láàárọ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Bó bá sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ni yóò jẹ́rìí. Bí kò bá sọ ọ́, ẹ má purọ́ mọ́ ọn.

Bàbá àwọn ọmọ ní ẹnu ló fi ń jẹun. Ìyẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Ẹni tó jẹ́ pé èébú làwọn èèyàn ṣe ń tan rédíò láti gbọ́ ọ, kò lè fi èébú sílẹ̀ torí pé ó ra jẹ́sì. Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ bá fìdí rẹmi, ta ló máa di ẹ̀bi rù? Ẹ jẹ́ ká ní ọ̀rẹ́ ọmọ yín tó ń gbá iwájú gbá pẹ́nárítì, tó lọ sókè igi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí mọ́tò tó kúrò ní Lágere, gbogbo ìlú á ti máa gbọ́ ọ pé ọmọ àtìpó ló ta eré. Ọ̀gá tó yẹ kó gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn èrò ni yóò jẹ́ ẹni tó ti èrò sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá nílé ẹ̀kọ́ girama nílùú yìí. Nígbà tí ìjà Ifẹ̀ àti Mọ́dákẹ́kẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997 rọlẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2000, táwọn ọmọ ń padà sí kíláàsì díẹ̀díẹ̀, mo kó wọn jáde sí pápá. Bí mo ṣe ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ báyìí, mo rí i pé wọ́n ti pín sí méjì, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò pín wọn. Ọmọ apá ìhín ò ní gbá a fún ọmọ apá ọ̀hún, bó tilẹ̀ dá dúró síwájú ilé tí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ. Wọ́n á kúkú gbá a síta. Mo fọn fèrè, mo ṣòfin kan fún wọn: gòólù kankan ò ní jẹ́ gòólù àfi tí bọ́ọ̀lù bá ti gba ẹsẹ̀ ọmọ apá méjèèjì kọjá. Lọ́jọ́ yẹn, a gbá a títí ojúmọmọ fi tán, òdo sí òdo. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ fún ẹnì kejì. Ó tó àkókò díẹ̀ kí ọmọkùnrin kan tó ń gbá ẹ̀yìn tó gbójú sókè, tó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ lórúkọ, tó sì gbá bọ́ọ̀lù náà sí i lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni gòólù àkọ́kọ́ tó wọlé. Bí wọ́n ṣe dì mọ́ ara wọn lọ́jọ́ náà, mi ò lè gbàgbé rẹ̀. Ohun tó gba gbogbo àkókò yẹn láti tún ṣe, mi ò lè dákẹ́ kí ẹnì kan máa fi ètò òwúrọ̀ tú u ká, kó sì tún máa pe ara rẹ̀ ní bàbá ẹgbẹ́.

Àmọ́ ẹ má ṣì mí gbọ́. Mi ò sọ pé gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Bó bá jẹ́ gómìnà ló ń bá wí lórí títì tó bàjẹ́, tàbí àwọn aṣòfin ló ń bi léèrè owó, mo máa bẹ̀ ẹ́ pé kó wá gba ẹgbẹ́ náà lọ́la. Àwọn wọ̀nyẹn lágbára jù ú lọ, wọ́n sì lẹ́nu láti fi dá a lóhùn. Ọmọ ọdún méjìdínlógún tó ń retí owó oṣù lọ́wọ́ rẹ̀ ò lè dá a lóhùn. Ibẹ̀ ni ààlà wà lójú tèmi. Ohun tí mo máa bi ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra ẹgbẹ́ ni pé, kí lo ti ń sọ nípa àwọn tó fẹ́ wá ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ?

Àwọn kan á ní kó wọlé ná, bó bá ṣìwà hù, a ó lé e. Donald Sterling kì í ṣe sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí tiẹ̀ ṣe rí. Ó ra ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù agbọ̀n Clippers ní 1981 ní mílíọ̀nù 12.5 dọ́là. Ní 2014, ohùn rẹ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀ jáde síta, níbi tó ti ń sọ fún obìnrin kan pé kó má mú àwọn aláwọ̀ dúdú wá síbi eré òun. Ẹ rántí pé aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbá fún un! Nígbà tí wọ́n jáde láti gbára dì fún eré tó tẹ̀ lé e, wọ́n bọ́ ẹ̀wù òkè sílẹ̀ láàárín gbọ̀ngàn, wọ́n sì yí ṣẹ́ẹ̀tì wọn sódì kí orúkọ ẹgbẹ́ má bàa hàn. Adam Silver, ọ̀gá líìgì, lé Sterling jáde títí láé, ó sì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 2.5 dọ́là lé e. Síbẹ̀, bílíọ̀nù 2 dọ́là ni Steve Ballmer ra ẹgbẹ́ náà, owó yẹn sì wọ àpò ẹbí Sterling. Ẹnu ọ̀nà ló yẹ kí wọ́n ti dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró.

Mi ò sì ní tàn yín pé bí ẹnì kan bá ti dákẹ́, ó ti di ẹni rere. Stan Kroenke ló padà gba Rams ní 2010, òun náà ló ni Arsenal tí àwọn ọmọ yín ń pariwo ní ibi ìwòran. Kì í sábà sọ̀rọ̀. Ní 2016, ó kó Rams kúrò ní St. Louis lọ sí Los Angeles, àwọn ará ìlú ń wò ó. Owó rẹ̀ ò fi ẹnu bú wọn, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ wọn lọ.

Ní ti owó oṣù mẹ́rin, àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ báyìí ló jẹ ẹ́, kì í ṣe iyì àwọn ọmọ ló yẹ kí wọ́n fi san án. Ẹ̀yin òbí, ẹ kó ara yín jọ láti apá méjèèjì, ẹ lọ bá wọn pọ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ gbèsè ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ìdí tó fi jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ ta gbogbo rẹ̀ fún. Ní Jámánì, òfin tí wọ́n ṣe ní 1998 sọ pé, yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ díẹ̀ tí wọ́n yọ sílẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ ní ju ìdajì ìbò lọ. Olówó lè kówó wá, ṣùgbọ́n kò lè dá pàṣẹ. Ilé-Ifẹ̀ ní àwọn oníṣòwò, ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde yunifásítì tó kún gbogbo ayé. Kí wọ́n pè wọ́n. Bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà bá ṣì fẹ́ wà lára wọn, kó lọ sórí ètò òwúrọ̀ kan náà, ní aago kan náà, kó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, kó sì bẹ àwọn tó bú. Bí kò bá lè ṣe ìyẹn, ó ti dá bàbá àwọn ọmọ lóhùn bóyá á yàtọ̀.

*Màmá, mo gbọ́ pé ẹ kò fẹ́ kí àwọn oníròyìn máa ra ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Ṣé ẹ ti gbàgbé Abíọ́lá ni? Ta ni kò mọ̀ pé ìwé ìròyìn rẹ̀ kò fi Awólọ́wọ̀ lọ́rùn sílẹ̀ nígbà ayé Ṣàgàrí? Síbẹ̀, ta ló ṣe tó o fún bọ́ọ̀lù?*
*Bàbá Ìsọ̀nà, Iléṣà*

Bàbá, ẹ káàárọ̀, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ mú un wá. Mi ò gbàgbé. Ní 1980 ni Concord, ìwé ìròyìn Abíọ́lá, jáde, inú ọ̀pọ̀ nínú wa ò sì dùn sí ohun tó ń kọ nípa Awólọ́wọ̀ lórí ilẹ̀ Maroko ní Èkó. Lọ́dún 1985 àti 1987, Abíọ́lá Babes ti Abẹ́òkúta, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀, gba ife Challenge Cup. Ẹ fi Iwuanyanwu náà kún un, tó ra ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Spartans ní Owerri ní 1985, tó sọ ọ́ ní Iwuanyanwu Nationale, tó sì tún ní ìwé ìròyìn Champion.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí Concord ń bá jà. Awólọ́wọ̀ ni, tó ti dá Nigerian Tribune sílẹ̀ láti 1949. Bí Concord bá sọ òkò láàárọ̀, Tribune á sọ tirẹ̀ padà. Olóṣèlú ń bá olóṣèlú wí ni, àwọn méjèèjì ní ìwé ìròyìn. Mi ò tíì gbọ́ pé Abíọ́lá fi ìwé ìròyìn rẹ̀ bú ìran àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún un, tàbí ó sọ pé ìlú tí wọ́n ti wá kì í ṣe ìlú. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi rí i bí ọ̀kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìyá tó kọ̀wé láti Ìlódè.

Ibì kan wà tí mo ti gbà pẹ̀lú àwọn tó ń bẹ̀rù oníròyìn nídìí bọ́ọ̀lù, kódà bí ẹnu rẹ̀ bá mọ́. Ìròyìn ló yẹ kó máa sọ ibi tí ẹgbẹ́ ti kù díẹ̀ káàtó. Bí ẹni tó ni ẹgbẹ́ bá tún ni rédíò, ta ló máa sọ pé wọn ò tíì sanwó? Ní 1998, BSkyB, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí Rupert Murdoch ń darí, fẹ́ fi mílíọ̀nù 623 pọ́ùn ra Manchester United. Ìjọba Bìrìtìkó dá a dúró ní 1999. Iléeṣẹ́ tó ń ra ẹ̀tọ́ láti gbé bọ́ọ̀lù sórí tẹlifíṣọ̀n ò gbọ́dọ̀ tún jókòó sáàárín àwọn tó ń tà á. Ní Ítálì, wọn ò dá Berlusconi dúró. Ó ra AC Milan ní 1986, ó ti ní àwọn tẹlifíṣọ̀n ńláńlá tẹ́lẹ̀. Nígbà tó sì máa dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ ní 1994, ariwo tí wọ́n fi ń gbé bọ́ọ̀lù lárugẹ ló fi sọ ọ́ lórúkọ: Forza Italia. Lọ́dún kan náà yẹn ló di olórí ìjọba, tí Milan sì fi gòólù mẹ́rin sí òdo na Barcelona nínú àṣekágbá Yúróòpù. Eré náà dùn, ẹ̀rí wà. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ní bọ́ọ̀lù, tó ní tẹlifíṣọ̀n, tó tún ní ìjọba, ibo ni aráàlú tó bá fẹ́ ta kò ó yóò dúró sí? Èmi á fẹ́ kí ẹni tó bá ra ẹgbẹ́ kúrò nídìí ètò eré ìdárayá lórí rédíò rẹ̀, kó fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

*Ẹ káàsán, Màmá. Ọmọ ọdún 17 ni mí, nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ tà náà ni mo wà. Wọ́n ní kí gbogbo wa fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ọdún márùn-ún kí olówó tuntun tó dé. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mi ò bá fọwọ́ sí i, wọ́n á lé mi. Kí ni kí n ṣe?*
*Ọmọ Ifẹ̀*

Ọmọ mi, má fọwọ́ sí i lónìí. Òfin FIFA ò gbà kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 fọwọ́ sí àdéhùn tó ju ọdún mẹ́ta lọ. Márùn-ún tí wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ fún ọ. Sọ fún wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé o fẹ́ mú un lọ fún bàbá tàbí ìyá rẹ kà. Ẹni tó bá bínú torí pé ọmọ fẹ́ kí òbí òun ka ìwé, o ti mọ irú ẹni tó jẹ́ nìyẹn.

Wo ìwé náà dáadáa, kí iye owó oṣù wà níbẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n á máa san án, àti ẹni tó máa sanwó ilé ìwòsàn bí o bá ṣèṣe. Ẹni tó bá sọ pé ẹ jọ máa mọ ìyẹn láàárín ara yín, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Òfin kan náà tún sọ pé bí ẹgbẹ́ bá jẹ agbábọ́ọ̀lù lówó oṣù méjì, ó lè kọ̀wé fún wọn ní ọjọ́ 15 láti san án. Bí wọn ò bá san án, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti já àdéhùn náà. Oṣù mẹ́rin ni tiyín, ẹ ti kọjá ibẹ̀. Nítorí náà, kó o tó fọwọ́ sí ohunkóhun tuntun, ní kí wọ́n kọ gbèsè àtijọ́ sínú rẹ̀, kí olówó tuntun má bàa sọ pé òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Kí ìwé náà jẹ́ méjì. Kí wọ́n fọwọ́ sí méjèèjì lójú rẹ àti lójú òbí rẹ, kí o sì mú ọ̀kan lọ sílé lọ́jọ́ náà gan-an. Bí wọ́n bá ní fọ́tòkọ́pì ò sí ní ọ́fíìsì àwọn, àwọn tó ń ṣe é kún Lágere. Ẹ jọ lọ.